Kí ni Òṣìṣẹ́ Yóò Sọ fún Agbanisíṣẹ́ ní Ọjọ́ tí Ó Bá ń Fi Iṣẹ́ Sílẹ̀?

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún ìjókòó òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì nínú ilé ẹnikẹ́ni tí ó ń gba owó oṣù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àtìní tí àyà rẹ̀ ń já, kì í ṣe nítorí àìsàn, bí kò ṣe nítorí ibi iṣẹ́ tí ó ń lọ. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá pinnu láti kúrò, ìbéèrè mìíràn ni yóò dojú kọ ọ́: kí ni kí ó sọ fún àwọn tí ó ń fi sílẹ̀? Ṣé kí ó pa irọ́ kí ó lè lọ ní àlàáfíà ni, ṣé kí ó tú gbogbo àṣírí síta, tàbí kí ó kàn pòórá bí ẹni tí kò débẹ̀ rí?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ibi iṣẹ́ tí à ń sọ. Iṣẹ́ líle àti ibi iṣẹ́ tí ó ń ba ènìyàn jẹ́ kì í ṣe ohun kan náà. Ẹni tí ó ń ru sìmẹ́ǹtì ń ṣe iṣẹ́ líle. Bí wọ́n bá ń san owó rẹ̀ lásìkò, tí wọ́n sì ń pè é ní ènìyàn, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀ ju àárẹ̀ ara lọ. Ọ̀gá tí ó bá òṣìṣẹ́ wí nítorí pé iṣẹ́ kò dára kò ṣe àbòsí. A sì gbọ́dọ̀ bá ara wa sọ òtítọ́: kì í ṣe gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bá Mùsùlùmí wí níbi iṣẹ́ ni ó jẹ́ ìkórìíra ẹ̀sìn; nígbà mìíràn, iṣẹ́ náà ni a kò ṣe bí ó ti yẹ. Èyí tí à ń sọ ni ibi tí èébú ti di oúnjẹ òòjọ́, tí wọ́n ń gé owó oṣù bí ó ti wù wọ́n, tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ènìyàn, tí ọwọ́ ọ̀gá kì í dúró sí àyè rẹ̀ bí obìnrin bá wà nítòsí, tí ẹni tí ó bá sì sọ̀rọ̀ yóò di ọ̀tá. Àwọn tí ó bá ń sọ pé ìkẹ́ra-ẹni-bàjẹ́ ni kí ènìyàn máa ráhùn nípa irú nǹkan báyìí, kí wọ́n rántí pé ní 2019 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi àárẹ̀ ọkàn tí iṣẹ́ ń fà sínú ìwé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ti ibi iṣẹ́ wá. Ní ọdún kan náà ni àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tí ó wà ní Geneva, ṣe àdéhùn tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 190 lòdì sí ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu níbi iṣẹ́. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 2022.

Ká fi ọ̀dọ́bìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé ilé-ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni ó ń kọ rìsíìtì fún àwọn oníbàárà, tí ó ń gba owó, tí ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò. Ọdún mẹ́ta ni ó ti lò níbẹ̀. Máníjà a máa bú u níṣojú oníbàárà, a máa pè é lórí tẹlifóònù ní aago mọ́kànlá alẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí ó lè dúró di òwúrọ̀, a sì máa gé 1,000 náírà nínú owó oṣù rẹ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá pẹ́ dé, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún. Ní oṣù kan tí òjò pọ̀, tí ọ̀nà Ìkòròdú dí pa, 9,000 náírà ni ó bá a lọ. Ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ náà, àgbàlagbà kan tí gbogbo wọn ń pè ní Alhaji, kì í wá ju ọ̀sán Jímọ̀ lọ. Àwọn ọmọbìnrin méjì mìíràn wà ní ọ́fíìsì náà. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn ti sọ fún arábìnrin yìí ní ìkọ̀kọ̀ pé máníjà a máa fi ọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ bí ó bá ku àwọn méjèèjì nìkan.

Arábìnrin yìí ti rí iṣẹ́ mìíràn ní Mushin. Nígbà tí ó sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá gbà á ní ìmọ̀ràn: "Ọmọ mi, sọ fún wọn pé ọkọ rẹ ń kó lọ sí Abẹ́òkúta ni. Má bá wọn jà o. Ayé kò ṣeé bá jà."

Ìfẹ́ ni ó bí ìmọ̀ràn yìí, a kò sì gbọdọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ìyá wa ti rí ẹni tí ó sọ òtítọ́ fún ọ̀gá tí wọ́n sì fi ebi pa á. Ṣùgbọ́n irọ́ tí ó rọrùn láti pa ní ọjọ́ kan kì í rọrùn láti gbé kiri fún ọdún mẹ́ta. Àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú àti ti Mushin mọ ara wọn. Oníbàárà tí ó tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó lọ́dọ̀ ẹni yìí lónìí lè tẹ kàlẹ́ńdà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn lọ́la. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá rí i ní Mushin, ẹni tí a ní ó wà ní Abẹ́òkúta, gbogbo ohun mìíràn tí ó bá sọ nípa ibi iṣẹ́ náà, tí ó sì jẹ́ òtítọ́, ni wọn yóò kà kún irọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Èyí tí ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ ni pé máníjà ni irọ́ náà ń ṣiṣẹ́ fún. Ó ń sọ fún Alhaji pé kò sí ohun tí ó ṣe ọ́fíìsì rẹ̀, pé ọkọ ni ó gbé òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ẹni mẹ́rin bá fi ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láàárín ọdún méjì, tí ẹnì kìíní ní ọkọ òun ń kó lọ, tí ẹnì kejì ní òun ń padà sí ilé-ìwé, tí ẹnì kẹta ní ara ìyá òun kò yá, tí ẹnì kẹrin ní òun fẹ́ máa ṣòwò, báwo ni onílé-iṣẹ́ yóò ti mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó lé gbogbo wọn?

Ṣùgbọ́n àìsọ kì í ṣe irọ́. Ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà kò fi dandan mú òṣìṣẹ́ láti ṣàlàyé ìdí tí ó fi ń kúrò níbi iṣẹ́. Ó lè kọ̀wé pé òun ń lọ, kí ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Bí wọ́n bá bi í léèrè, ó lè dáhùn pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ti òun fúnra òun. Ẹni tí ó dákẹ́ kò tíì ti ilẹ̀kùn. Bí ó bá di ọdún tí ń bọ̀ tí ó rí àyè láti sọ̀rọ̀, kò sí ohun tí ó ti sọ tẹ́lẹ̀ tí yóò ta kò ó.

Ọ̀nà kejì ni ti ẹni tí inú ń bí. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bú u, ó mú bíírò, ó kọ ojú ìwé mẹ́rin. Ó pe máníjà ní olè, ó pè é ní alágbèrè, ó sọ ti ìyàwó rẹ̀, ó sọ ti ìlú tí ó ti wá, ó sì fi èpè parí rẹ̀. Ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́, fífọ́ ni í fọ́. Ìwé yìí ni yóò wà nínú fáìlì rẹ̀ títí láé. Ẹni tí yóò kà á lẹ́yìn ọdún márùn-ún kò ní rí èébú tí máníjà bú u, èébú tí òun bu máníjà ni yóò rí. 9,000 náírà tí wọ́n gé, tí ó jẹ́ ẹjọ́ gidi, yóò ti sọnù sí àárín èpè. Bí ó bá sì pín ìwé náà fún àwọn oníbàárà, tí kò sì ní ẹ̀rí ohun tí ó sọ, òun ni wọn yóò pè lẹ́jọ́ pé ó ba ènìyàn lórúkọ jẹ́. Kí ó kọ ìwé náà bí ó bá fẹ́, nítorí kíkọ a máa tu ọkàn lára; ṣùgbọ́n kí ó fi í sí abẹ́ ìrọ̀rí. Ọjọ́ àti iye owó tí ó wà nínú rẹ̀ yóò wúlò níwájú.

Ọ̀nà kẹta ni ó wọ́pọ̀ jù ní Èkó. Òṣìṣẹ́ yóò gba owó oṣù tán ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, yóò pa tẹlifóònù rẹ̀, a kò sì ní rí i mọ́. Ó rò pé òun ti bọ́. Kò rántí pé nígbà tí ó ń wọlé, ó mú onídùúró méjì wá, bóyá ìmáàmù àdúgbò rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ kan tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹnu ọ̀nà àwọn wọ̀nyí ni wọn yóò lọ kàn. Ìwé ìṣirò tí kò fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ lè kọ ohun tí ó wù ú sí i lẹ́yìn tí ó ti lọ. Owó tí ẹlòmíràn kó yóò di èyí tí òun kó sá lọ. Ẹni tí wọ́n ṣe àbòsí sí yóò wá di ẹni tí a ń wá kiri.

Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ti la ọ̀nà sílẹ̀. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ó jáde ní 1974 tí a sì ṣì ń lò, sọ iye ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ tàbí agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó ẹnì kejì létí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní nótíìsì. Ẹni tí kò tíì ju oṣù 3 lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ 1. Ẹni tí ó ti ju oṣù 3 lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 1. Láti ọdún 2 títí di ìgbà tí kò tíì pé ọdún 5, ọ̀sẹ̀ 2. Ẹni tí ó ti lo ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù 1. Èyí tí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan, kíkọ ni a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn tí ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin yìí ń bá sọ̀rọ̀; àwọn tí ó wà ní ipò alákòóso tàbí tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ìwé àdéhùn wọn ni wọn yóò tú wò. Bí ìwé àdéhùn ẹnikẹ́ni bá dá ọjọ́ tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tẹ̀ lé e, nítorí àdéhùn ni. Arábìnrin Ṣómólú yìí, tí ó ti lo ọdún mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ méjì ni tirẹ̀. Bí kò bá lè fara dà á tó bẹ́ẹ̀, àyè wà kí wọ́n jọ gbà pé kí a fi owó dípò ọjọ́. Òfin náà kò sì gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n hu ìwà burúkú jáì sí láti jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ẹni tí wọ́n nà, tàbí tí wọ́n fẹ́ fi ipá bá lò pọ̀, kò sí ìdí tí yóò fi máa ka ọjọ́.

Àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé, "N kò gba lẹ́tà rẹ." Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Abala 34 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ti 1999 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ipá mú ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́. Láti 1960 ni ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù nígbà náà sì ti là á mọ́lẹ̀, nínú ẹjọ́ tí ó wà láàárín Benson àti Onitiri, pé ọjọ́ tí lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ bá tẹ agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí náà, ohun tí ó ṣe pàtàkì ni ẹ̀rí pé ó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Kí òṣìṣẹ́ tẹ ẹ̀dà méjì. Kí wọ́n fọwọ́ sí èyí tí yóò mú padà, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sí i. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, kí ó fi ránṣẹ́ lọ́nà tí yóò fún un ní ìwé ẹ̀rí pé ó débẹ̀.

Lẹ́tà náà fúnra rẹ̀ kò ní láti gùn. Bí a bá fi Yorùbá kọ ọ́, kò ní ju báyìí lọ: "Ẹ jọ̀wọ́, mo fi ìwé yìí sọ fún yín pé mo ń fi iṣẹ́ akọ̀wé owó sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ tí ẹ bá gba ìwé yìí ni yóò jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn mi. Kí ọjọ́ náà tó pé, èmi yóò fi ìwé ìṣirò, kọ́kọ́rọ́ àti rìsíìtì tí ó kù lé ẹni tí ẹ bá yàn lọ́wọ́. Mo bẹ̀ yín kí ẹ san owó iṣẹ́ mi di ọjọ́ náà. Ẹ ṣeun fún iṣẹ́ tí mo kọ́ lọ́dọ̀ yín." Ó tán. Kò sí irọ́ kan níbẹ̀. Kódà ọpẹ́ ìkẹyìn yẹn kì í ṣe irọ́, nítorí pé ẹni tí kò mọ ìwé ìṣirò nígbà tí ó wọlé, tí ó mọ̀ ọ́n báyìí, rí nǹkan kọ́. Bí kò bá sì rí nǹkan kọ́, kí ó yọ gbólóhùn náà kúrò.

Níbo wá ni ìdí tí ó fi ń lọ yóò wà? Inú ìwé kejì, tàbí ọ̀rọ̀ ojúkojú, fún ẹni tí ó ní agbára láti ṣe nǹkan sí i. Ibí yìí ni ẹ̀rí-ọkàn ti ń da ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí láàmú. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá sọ ohun tí máníjà ṣe fún Alhaji, àwọn ti sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni. Ìbẹ̀rù yìí dára, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí wọ́n gbé e dé. Aaya 148 nínú Súratu n-Nisáì yọ ẹni tí wọ́n ṣe àbòsí sí sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Imaamu Nawawi, tí ó kú ní 1277, ka ìdí mẹ́fà sínú ìwé rẹ̀ Riyaadus-Saalihiin tí ó fi tọ́ kí á sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níjòkó, èyí àkọ́kọ́ nínú wọn sì ni kí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá ẹni tí ó lè gbà á sílẹ̀. Ohun tí ó di ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a máa fi ọ̀rọ̀ kan náà ṣe ẹ̀fẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni tí ó lè tún un ṣe. Ìsọkúsọ àti ìfẹjọ́sùn kì í ṣe ọ̀kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu kan náà ni a fi ń sọ wọ́n.

Kí òṣìṣẹ́ wá wo ẹni tí yóò sọ ọ́ fún. Bí ẹni tí ó ń hùwà náà bá jẹ́ òun gan-an ni ó ni ilé-iṣẹ́, tí kò sí ẹni tí ó ga jù ú lọ níbẹ̀, kí òṣìṣẹ́ má ṣe fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣòfò láti kọ́ ọ ní ìwà ní ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹni tí kò gbọ́ fún ọdún mẹ́ta kò ní gbọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mú lẹ́tà kúkúrú rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ síta. Ṣùgbọ́n ní Ṣómólú yìí, Alhaji wà, kò sì mọ̀. Ó tọ́ kí ó gbọ́.

Bí a ti ń sọ ọ́ ni kí a máa sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kì í ṣe irú ènìyàn tí ẹni náà jẹ́. "Ìkà ni máníjà" kò fún Alhaji ní ohun tí yóò dì mú; yóò ní àwọn ọ̀dọ́ òní kò mọ̀wọ̀ ẹni. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ìwé kan síwájú rẹ̀ tí ọjọ́ mẹ́sàn-án wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú 1,000 náírà tí wọ́n gé ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, yóò pe akápò rẹ̀ kí ó wá ṣàlàyé ibi tí owó náà wọlé sí. Ó ṣeé ṣe kí Alhaji má tilẹ̀ mọ̀ pé Òfin Iṣẹ́ kan náà kọ̀ fún agbanisíṣẹ́ láti gé owó oṣù òṣìṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ fa àdánù, wọ́n lè gé ìwọ̀n tí ó tọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń mójútó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá ti kọ̀wé fọwọ́ sí i ni. Kí a sọ ohun tí ojú ẹni rí, kí a fi èyí tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn sílẹ̀. Kí a má sì sọ orúkọ ibi tí a ń lọ, nítorí kì í ṣe ara ẹjọ́ náà, ó sì lè fún ẹni tí ó ń bínú láyè láti pe wọ́n kí a tó débẹ̀.

Èyí tí ó le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti ọmọbìnrin kékeré yẹn. Ọ́fíìsì tí obìnrin mẹ́ta péré wà, kò sí ọgbọ́n tí a lè fi sọ ọ́ fún Alhaji tí a kò ní mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Bí arábìnrin wa bá sọ ọ́ láì gba àṣẹ, òun yóò ti wà ní Mushin nígbà tí ọmọ náà yóò máa jókòó ti máníjà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bí kò bá sì sọ nǹkan kan, ó fi í sílẹ̀ sí ẹnu kìnnìún. Àwọn kan yóò ní kí ó sọ ọ́ dandan, nítorí pé ibi ni, ibi kò sì ṣeé bò mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwúwo. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n ti gba àṣẹ ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò yẹ kí a tún gba àṣẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ní orúkọ pé a ń ràn án lọ́wọ́. Kí ó kọ́kọ́ bi í. Bí ó bá gbà, kí wọ́n jọ lọ bá Alhaji, tàbí kí obìnrin àgbà kan tẹ̀ lé wọn. Bí kò bá gbà, kí ó fi ọ̀nà hàn án. Òfin ìwà ọ̀daràn ti Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ṣe ní 2011 ti sọ irú ìyọlẹ́nu yìí di ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè mú ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta wá, ìpínlẹ̀ náà sì ní àjọ kan tí ó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí DSVA.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn. Owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ pé lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọjọ́ nótíìsì tó parí. Bí ilé-iṣẹ́ bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 mú un láti máa fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù kún ìdá 8 tí òṣìṣẹ́ ń dá. Owó yẹn ti di ti òṣìṣẹ́, àkáǹtì náà yóò sì bá a lọ sí ibi iṣẹ́ tuntun. Ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì rí òmíràn lẹ́yìn oṣù 4, lè gbà tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ó wà níbẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ń tọ́jú owó náà bóyá agbanisíṣẹ́ ń san án ní tòótọ́, kí ó tó jáde, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ìwé-ẹ̀rí ilé-ìwé tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ó wọṣẹ́, kí ó ti gbà á padà kí ó tó fi lẹ́tà sílẹ̀ bí ó bá lè ṣeé ṣe. Àjọ tí ó wà ní Geneva yẹn ka gbígbẹ́sẹ̀ lé ìwé ìdánimọ̀ ènìyàn mọ́ àmì iṣẹ́ àfipáṣe, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n sì fi ń di ìwé-ẹ̀rí mú. Kí ó sọ fún àwọn onídùúró rẹ̀ fúnra rẹ̀ pé òun ń lọ, kí ó sì gba ìwé tí ó tú wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ ní owó tí wọn kò san, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tí ó ń mójútó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wà, bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ tí a dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, èyí tí a ń pè ní National Industrial Court.

Àwọn tí ó ń gbà á sí iṣẹ́ tuntun ńkọ́? Wọn yóò bi í pé kí ló dé tí ó fi kúrò. Níbẹ̀, kí ó sọ ohun tí ó ń wá, kì í ṣe ohun tí ó sá fún: pé òun fẹ́ ibi tí iṣẹ́ òun yóò ti fẹjú. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́, ó tó. Àwọn wọ̀nyẹn kò lè tún Ṣómólú ṣe, nítorí náà wọn kì í ṣe ẹni tí a ń fẹjọ́ sùn.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sọ́dọ̀ arábìnrin wa. Ká sọ pé ó dúró de Alhaji lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Alhaji, ẹ ṣeun tí ẹ gbà mí síṣẹ́. Mo ti fi lẹ́tà sílẹ̀ fún máníjà. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ rí." Ó gbé ìwé ọjọ́ mẹ́sàn-án náà sílẹ̀. Alhaji wọ gíláàsì rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ta ni ó fún un láṣẹ láti máa gé owó?" Arábìnrin wa ní òun kò mọ̀, pé ìyẹn ni òun fi wá bi wọ́n. Alhaji ní òun yóò wádìí. Bóyá yóò ṣe é, bóyá kò ní ṣe é. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni máníjà.

Kò sọ ti ọmọbìnrin náà. Ó ti bi í ní ọjọ́ Àlàrùba, ọmọ náà sì bẹ̀ ẹ́ pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ. Ẹ jẹ́ kí n rí iṣẹ́ mìíràn ná." Ní ọjọ́ ìkẹyìn, lẹ́yìn tí ó ti ka owó tí ó wà nínú àpótí níṣojú máníjà, tí ó sì ti gba ìfọwọ́sí lórí ìwé ìṣirò, ó mú ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìpè ìgbéyàwó tí ẹ̀rọ bà jẹ́, ó kọ nọ́ńbà DSVA àti ti ara rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi lé ọmọ náà lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí ó pe èyí tí ó bá wù ú nínú méjèèjì, ní aago yòówù. Ọmọ náà ṣẹ́ ìwé náà ní ìṣẹ́po mẹ́rin, ó fi í sínú páálí fóònù rẹ̀, ó sì padà wọlé láti lọ kọ rìsíìtì fún oníbàárà tí ó ń dúró.